Limota Onípúpurú àti Oògùn Ẹ̀jẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ bú Limota, kó lọ bú u níbòmíràn, kó má bú u lójú mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jẹ́ ayálégbé obìnrin yẹn ní Ọ̀kà Àkókó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, inú àmù kan náà la ti ń bu omi mu. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, òun Mùsùlùmí, síbẹ̀ tí Kérésìmesì bá dé, òun ló ń bá mi tu ìyẹ́ adìẹ. Tí Iléyá bá dé, èmi ni mo ń rán aṣọ gbogbo ilé wọn. Ó ti lọ sí ibi tí àgbà ń lọ báyìí, kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi Mosúnmọ́lá ni mo máa bá a sọ ọ́, nítorí àwọn tó ń fẹnu tẹ́ ẹ káàkiri Ìkàrẹ́ ò mọ̀ ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ.

Púpurú ló ń ṣe tà. Púpurú kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ẹ óò bó ẹ̀gẹ́, ẹ óò rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, ẹ óò fa okùn inú rẹ̀ yọ, ẹ óò fún omi rẹ̀ dànù, ẹ óò wá mọ ọ́n roboto, ẹ óò tò ó sórí àjà lókè iná kí ó fi èéfín gbẹ. Tó bá gbẹ tán, ẹ óò tún fi ọ̀bẹ họ ara rẹ̀ tó ti dú kúrò kí ẹ tó gún un. Èéfín yẹn ti sọ ojú Limota di pípọ́n látìgbà tó ti wà ní ìyàwó kékeré. Tí ẹ bá kí i pé ẹ kú iṣẹ́, á ní, "Iṣẹ́ kẹ̀? Èéfín ni mò ń jẹ, ẹ wá bá mi jẹ ẹ́." Lẹ́yìn náà á rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ á sì funfun láàárín èéfín yẹn.

Ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù ni ọmọ títọ́. Gbogbo ọmọ tó bí ló yè, ẹ sì mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré nígbà tiwọn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń kàwé lọ́wọ́, ọmọ tí ìyá rẹ̀ wá iṣẹ́ lọ sí Àkúrẹ́, ọ̀dọ̀ Limota ni wọ́n ń gbé wọn wá. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ tutù. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi yangàn. Tí a bá ń ṣàwàdà, ó máa ń sọ fún mi pé, "Mosún, ìwọ mọ aṣọ rán, èmi mọ ọmọ tọ́. Kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ ẹ̀."

Fatimah ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Ìkàrẹ́ ló wà nílé ọkọ, Láwàl ni orúkọ ọkọ náà, ó ń wa ọkọ̀ akérò. Ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ni Suleiman. Suleiman kò tíì rìn dáadáa, ọmú ló ṣì ń mu tọ̀sán tòru, ni Fatimah bá tún lóyún. Yéè! Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe fojú Fatimah gbolẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, tí obìnrin bá lóyún nígbà tí ọmọ ṣì wà lọ́mú, ńṣe ni wọ́n ń wò ó bí ẹni tó jalè. Ìyá ọkọ rẹ̀, Àsàmáù, ló ṣíwájú wọn. Ó ní ojú kòkòrò ló ń ṣe Fatimah, pé kò lè ní sùúrù. Mo ní, ṣé Fatimah nìkan ló lóyún náà ni? Láwàl ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bú Láwàl o. Ńṣe ni wọ́n ń kí òun kú oríire.

Àsàmáù ní wàrà aboyún, májèlé ni, pé bí Suleiman bá tún fi ẹnu kan ọmú yẹn, àìsàn ni yóò mu. Kì í ṣe òun ló dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, gbogbo wa la ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wa. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n fi omi ewúro ra orí ọmú Fatimah. Ọmọ náà fẹnu kàn án, ó tu ú dà, ó wo ojú ìyá rẹ̀. Fatimah ló sọ fún mi bẹ́ẹ̀, ó ní wíwò tó wo òun yẹn, òun ò lè gbàgbé ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí wọ́n fi gbé e wá fún Limota ní Ọ̀kà.

Suleiman sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Limota pọ̀n ọ́n, ó ń jó fún un, ó ń kì í ní oríkì, ó fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná tí ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀ láàárọ̀, ó fún un ní púpurú pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ọmọ náà ń jẹ ẹ́. Ikùn rẹ̀ yó, kò sẹ́ni tó lè sọ pé Limota fi ebi pa ọmọ. Ẹja inú ọbẹ̀, ti àgbà ni. Lọ́jọ́ kan mo se ẹyin adìẹ mi kan, mo fi lé e lọ́wọ́, Limota já a gbà.

"Mosún! Ṣé o fẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ dolè ni? Ọmọ tó bá mọ adùn ẹyin ní kékeré, ibo ni yóò ti máa rí i tó bá dàgbà?"

Mo ní, "Màmá, ẹyin kan ṣoṣo náà ni?"

Ó ní, "Ẹyin kan náà ni olè fi ń bẹ̀rẹ̀." Ó gbé e jẹ lójú mi, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ̀?

Nígbà tó ṣe, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kún, ọwọ́ rẹ̀ kún. Àwọn tó wá ra púpurú á máa pariwo pé, "Háà, Suleiman mà ti sanra o! Ìyá àgbà mọ ọmọ tọ́." Inú Limota á dùn, á ní kí wọ́n má fi ojú burúkú wo ọmọ òun. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jókòó sídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́, mò ń rí nǹkan tí àwọn ò rí. Irun ọmọ náà ń pọ́n, ó sì ń fọ̀n dànù. Kò bá adìẹ ṣeré mọ́. Tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ síbì kan, ibẹ̀ ni wọ́n á ti padà wá bá a. Ẹkún gan-an kò sun mọ́, àfi kó máa kùn bí ẹni tí nǹkan sú. Awọ ojúgun rẹ̀ wá ń ṣí bí ọ̀dà ara ògiri. Mo fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ jìn, kò sì kún padà.

Mo ní, "Màmá, ọmọ yìí ò sanra o. Ó wú ni."

Ẹ ò mọ ìbínú Limota. Tó bá ń bínú, ó máa ń fi Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ sílẹ̀, á bọ́ sínú ti Ọ̀kà pọ́ńbélé, èmi ọmọ Ṣúpárè á kàn máa wò ó lẹ́nu. Ó ní mo ń jowú òun. Ó ní obìnrin tó bí ọmọ kan ṣoṣo ló wá ń kọ́ òun ní ọmọ títọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun, mi ò purọ́. A ò kí ara wa fún bí ọjọ́ mélòó kan. Ọmọ náà ló là wá níjà: ó kọ oúnjẹ pátápátá, ìgbẹ́ gbuuru mú un, Limota sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn mi. Kò sọ pé òun jẹ̀bi. Ó ní, "Mosún, wọ bàtà ẹ, ká lọ."

Ọsibítù kan ní Ìkàrẹ́ la gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Rachel, obìnrin tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí kì í jágbe mọ́ aláìsàn. Ó wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó mí kanlẹ̀. Ó ní àìjẹunrekánú ni. Limota fara ya. Ó ní ọmọ tí òun ń fún lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́? Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ fún un lóúnjẹ o. Oúnjẹ tó ń kún inú lẹ fún un. Èyí tó ń ṣàtúnṣe ara ni kò rí." Limota tún ọmọ náà gbé lé itan. Ó ń wo ilẹ̀.

Wàrà díẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń fún ọmọ náà, ìwọ̀n ife kékeré, lemọ́lemọ́. Nọ́ọ̀sì Rachel ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rọ ọ́ lóúnjẹ. Limota wá fa ìpéǹpéjú ọmọ náà wálẹ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ wò ó, ojú rẹ̀ funfun báláú. Ẹ̀jẹ̀ ò sí lára ọmọ yìí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ dà?"

Nọ́ọ̀sì ní, "Ká má tíì fún un."

"Kí ló dé?"

Nọ́ọ̀sì Rachel jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ń bó ẹ̀gẹ́. Tí ẹ bá gbàgbé ọ̀bẹ yín sínú omi, kí ló ń ṣe é?"

"Á dógùn-ún."

"Ẹ ṣé. Nǹkan tó jọ èyí tó ń jẹ ọ̀bẹ yẹn ló ń jẹ ọmọ yìí nínú. Ó wà lára èmi, ó wà lára yín, torí mímí tí à ń mí àti oúnjẹ tí ara ń lò ló ń mú un wá. Ṣùgbọ́n ara tó bá ń jẹ ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́, ó ní nǹkan tó fi ń nù ún kúrò kó tó ba nǹkan jẹ́. Ọmọ yìí ò ní. Ohun tó wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀, irin ni. Irin wà lára rẹ̀ báyìí tí ara rẹ̀ ò lágbára láti dì mú. Tí ẹ bá tún fi kún un, ẹ lè máa fi kún ohun tó ń jẹ ẹ́ ni, kòkòrò àìsàn pẹ̀lú á sì máa fi irin náà ṣe oúnjẹ. Ẹ ní sùúrù. Tó bá ti ń jẹun dáadáa, tó ti ń rẹ́rìn-ín, àwa fúnra wa la máa fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀."

Èmi gbọ́ ọ. Ó yé mi. Limota náà mi orí. Ṣùgbọ́n bí a ṣe dé ìta, ó yíjú sí mi, ó ní, "Irin kẹ̀? Nínú ìgò? Oyún wo ni mo ní tí mi ò mu oògùn ẹ̀jẹ̀? Mi ò gbé irin kankan mì o."

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣe bí wọ́n ṣe wí."

Ó ní, "Mo gbọ́." Mo padà sí Ọ̀kà, òun dúró ti ọmọ, torí oyún Fatimah ti pé oṣù rẹ̀, kò lè máa sùn sórí ẹní ní ọsibítù.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀. Omi ara ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Inú àwọn nọ́ọ̀sì ń dùn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ fún Limota, mo bá a tó ká gúlútú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣí aṣọ kúrò lára ọmọ. Olúwa o! Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju igi ìgbálẹ̀ lọ. Ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Itan rẹ̀ rọ̀ jọwọrọ bí aṣọ tó tóbi ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ.

Limota ní, "Wò ó, Mosún. Wọ́n ti tú ọmọ mi palẹ̀. Mo gbé ọmọ tó kún wá fún wọn, wọ́n fi wàrà inú ife kékeré jẹ ẹ́ tán."

Nọ́ọ̀sì Rachel gbọ́, ó sún mọ́ wa. Ó ní, "Màmá, omi ló lọ. Èyí tí ẹ ń rí yìí, bó ṣe rí látọjọ́ yìí náà nìyí."

Mi ò rò pé nọ́ọ̀sì mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Mo rí ojú Limota. Gbogbo oṣù tí àwọn èèyàn fi ń yìn ín, tí wọ́n ń ní ọwọ́ rẹ̀ tutù, ọmọ tó rí báyìí ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń jó fún. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ́ ọmọ, báwo ló ṣe fẹ́ gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn mì? Kò gbé e mì. Ó yí ojú sí ògiri.

Síbẹ̀, ọmọ náà ń yè. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo fi ìka kàn án nígbáròkó, ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín ọmọ yẹn kẹ́yìn. Mo pariwo, mo pe nọ́ọ̀sì wá wò ó. Mo fi ayọ̀ wọ ọkọ̀ padà sí Ọ̀kà, mo ń dá kọrin lójú ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Fatimah bí ọmọkùnrin mìíràn. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kẹjọ ni ìkómọ. Nílé àwọn Láwàl, tí wọ́n bá ń kó ọmọ jáde, àṣà wọn ni pé kí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n ọmọ náà jókòó sórí ẹsẹ̀ ìyá ìyá rẹ̀ láàárín èrò, kí Áàfáà gbàdúrà fún un pé àbúrò tó tẹ̀ lé e dé yìí kò ní tì í ṣubú. Gbogbo ẹbí ló máa rí i. Gbogbo ẹbí ló sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Limota ni wọ́n gbé ọmọ náà lọ.

Àsàmáù wá sí ọsibítù wá wò ó. Kò gbé e. Ó dúró lókèèrè, ó fi etí ìborùn bo imú. Ó ní, "Ìyá Fatimah, ṣé ọmọ tí a fà lé yín lọ́wọ́ nìyí? Egungun yìí ni ẹ fẹ́ gbé jókòó níwájú àwọn èèyàn wa?" Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ.

Aláìnítìjú èèyàn! Tí n bá wà níbẹ̀ ni, màá bi í pé wàrà ta ló gbà lẹ́nu ọmọ náà. Ṣùgbọ́n mi ò sí níbẹ̀, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo wà ní Ọ̀kà. Limota ló jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. Ó dìde, ó sọdá títì, ó ra ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ kan ní kẹ́mísì. Ó fẹ́ kí ojú ọmọ náà pọ́n, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ díẹ̀ kí ọjọ́ ìkómọ tó pé. Tí nọ́ọ̀sì bá gbé wàrà wá, tó bá yíjú, á da ṣíbí kan sínú ife. Nígbà tó rí i pé ọmọ ń mu ún, ó sọ ọ́ di méjì.

Ibà mú ọmọ náà. Ó kọ wàrà. Ojú rẹ̀ tún wú. Nọ́ọ̀sì Rachel tú ìdí rẹ̀ láti pààrọ̀ aṣọ, ó rí ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ṣe máa ń sọ ìgbẹ́ dà. Ó wo Limota.

"Màmá, kí ni ẹ fún un?"

"Mi ò fún un ní nǹkan kan."

"Màmá, mo bẹ̀ yín. Mi ò ní bínú. Kí ni ẹ fún un?"

"Mo ní mi ò fún un ní nǹkan kan!"

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi omi tútù nù ún lára, wọ́n sáré títí. Láwàl pè mí lórí fóònù pé kí n máa bọ̀. Mo gun ọ̀kadà láti Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́. Nígbà tí mo wọlé, ọ̀sán gangan, òòrùn ń wọ ojú fèrèsé, wọ́n ti fa aṣọ bò ó lórí. Ìkómọ ku ọ̀túnla.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín. Áàfáà àti àwọn àbúrò Láwàl ló gbé e lọ. Ẹ mọ̀ pé ní tiwa, òbí kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀, ìyá àgbà náà kì í tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe gbé e jáde lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, Limota dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tí wọ́n gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò mọ̀ pé wọ́n ti gbà á. Mo dì í mú. Mo sunkún, òun ò sunkún.

Ó tọ Nọ́ọ̀sì Rachel lọ, ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ ìgò náà jáde, ó gbé e lé orí tábìlì níwájú rẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo pa á?"

Nọ́ọ̀sì gbé ìgò náà, ó gbé e kalẹ̀. Omi ń bọ́ lójú òun náà. Ó ní, "Màmá, mi ò ní purọ́ fún yín. Kò dáa bí ẹ ṣe fún un. Ó lè jẹ́ pé òun ló dá ibà yẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ọmọ tí ara rẹ̀ ti bàjẹ́ tó báyẹn, a máa ń pàdánù wọn lọ́wọ́ wa níbí, láìsí pé ẹnikẹ́ni fún wọn ní nǹkan. Mi ò lè sọ pé ẹ̀yin ni. Mi ò sì lè sọ pé ẹ̀yin kọ́. Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n."

Limota ní, "Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì." Ó fi ìgò náà sílẹ̀ níbẹ̀.

Wọn ò lè sún ìkómọ síwájú, ọjọ́ kẹjọ ni ọjọ́ kẹjọ. Kò sí ìlù, kò sí ìrẹsì. Áàfáà, àwọn ẹbí díẹ̀, àti àwa méjì tí a wá láti Ọ̀kà ló wà nínú yàrá àlejò Láwàl. Wọ́n sọ ọmọ náà ní orúkọ, wọ́n ṣàdúrà kúkúrú, Áàfáà bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n gbé ọmọ tuntun náà lé Limota lẹ́sẹ̀. Fatimah jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ojú rẹ̀ wú, wàrà ti rin iwájú bùbá rẹ̀ gbingbin. Láti òwúrọ̀ ni ọmọ náà ti ń sunkún ọmú, Fatimah ò fún un. Omi ṣúgà ni wọ́n fi ń tàn án.

Àsàmáù wá la ẹnu. Ó ní, "Ohun tí mo wí kọ́ ló ṣẹ yìí? Mo ní wàrà aboyún, májèlé ni. Kó tó di pé wọ́n gba ọmú lẹ́nu Suleiman, ó ti mu ú sínú. Májèlé yẹn ló ń jẹ ẹ́ láti ìgbà náà. Ìyá rẹ̀ ló fi ọmú pa á."

Láwàl, tó jẹ́ pé òun ló yẹ kó sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń wò. Fatimah fi apá méjèèjì bo àyà rẹ̀, ó dì í mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ tẹ nǹkan pa níbẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ni. Mo ti mọ̀." Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lọ.

"Irọ́ ni," Limota ní.

Gbogbo wa wò ó.

Ó ní, "Ọmú kọ́ ló pa á. Ọmọ náà ti ń sàn. Mosún rí i tó rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ní ká má fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, mo lọ rà á, mo ń fún un lábẹ́lẹ̀. Wọ́n bi mí, mo sẹ́. Ibà mú un, ó sì kú. Fatimah, èmi ni mo pa ọmọ rẹ. Ọmú rẹ ò ṣe nǹkan kan."

Ó ti gé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì sí méjì, ó mú ìdajì tó burú, ó ju ìdajì kejì nù! Mo fẹ́ dìde, mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni nọ́ọ̀sì wí, pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Limota na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ tó ń fún ẹ̀gẹ́ nu ún, ẹ ò lè já a gbà.

Fatimah dìde. Kò pariwo, kò ṣẹ́ èpè. Ó rìn wá síwájú ìyá rẹ̀, ó dúró, ó ń wo ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá náà. Ó ní, "Màámi, ẹ gbé e fún mi."

Limota gbé e fún un.

Ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Láyé." Ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Àsàmáù ń pàtẹ́wọ́, ó ń pe Ọlọ́run, ó ti rí ohun tuntun tí yóò lọ sọ fún gbogbo Ìkàrẹ́. Mo sún mọ́ etí Limota. Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ gbogbo ọ̀rọ̀? Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́?"

Ó ní, "Dákẹ́, Mosún. Tó bá ń bínú sí mi, kò ní bínú sí ọmú rẹ̀. Tó bá gbà pé ọmú òun ló pa àkọ́bí òun, kí ni èyí fẹ́ mu?"

Ó ṣì di ọwọ́ mi mú. A jókòó bẹ́ẹ̀, a ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà nínú yàrá. Ó sunkún, ó sunkún, ó sì dákẹ́ lójijì, bí ọmọdé ṣe máa ń dákẹ́ tí ẹnu rẹ̀ bá ti kún. Limota jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Ó ní ká máa lọ sí Ọ̀kà, pé ẹ̀gẹ́ tí òun rẹ ti fẹ́ bàjẹ́.